Ta Ni Ó Kù Tí Ń Pè É Lórúkọ?

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo wà ní Sakẹ́tẹ́, tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì alùpùpù mi palẹ̀, nígbà tí Mùsíọ̀ Básílì pè mí láti Kútọnu. Òun ni olóòtú ìwé ìròyìn olóṣooṣù tí mo ń kọ̀wé fún jù lọ. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, bí inú bá sì ṣe ń bí i tó ni ohùn rẹ̀ ń rọ̀ tó. Lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Ó béèrè bí mo ṣe jí, ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Nígbà tí ó kí mi tán, ó ní, "Màdámù, bàbá ọlọ́pẹ tí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí, ṣé ó wà láyé?"

Mo ní ó wà, àní ara rẹ̀ le koko, àgbàdo sísun ni a jọ jẹ nígbà tí mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìlera rẹ̀ ni òun ń béèrè. Ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà rárá, àbí ńṣe ni mo jókòó sílé tí mo mọ ọ́n fúnra mi bí Ọlọ́run ṣe mọ Ádámù.

Mo dìde lórí àpótí tí mo jókòó lé, mo rìn lọ sí abẹ́ igi máńgòrò tó wà lápá kejì ọ̀nà, nítorí n kò fẹ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ rí ojú mi.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí wọra, ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Oníròyìn ni mí, ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ kan tó gbà mí sílé. Pijísì ni wọ́n ń pe irú wa lédè Faransé, ìyẹn ẹni tí kò ní ọ̀gá kan pàtó, tó ń kọ̀wé fún ẹni tó bá pè é. Àpò mi, alùpùpù mi àti fóònù mi ni ilé iṣẹ́ mi. Bí olóòtú kan bá fẹ́ ìròyìn láti agbègbè Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́, èmi ni wọ́n ń pè. Bí wọn kò bá sì pè, èmi a pè wọ́n.

Àwọn ènìyàn rò pé kíkọ ló le nínú iṣẹ́ wa. Kíkọ kò le. Wíwá ènìyàn ló le. Ìròyìn kì í fi ẹsẹ̀ kan dúró: ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn lára. Àwọn méjèèjì là ń pè ní orísun. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó mọ̀ kì í fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹni tí kò mọ̀ kì í sì í fẹ́ dákẹ́. Nígbà kan tí mo ń wá ẹni tó mọ̀ nípa sísin oyin, mo kéde rẹ̀ lórí wasápù. Kí oúnjẹ ọ̀sán mi tó jinná, àwọn ènìyàn ti tò sẹ́nu ọ̀nà mi, olúkúlùkù gbé ìgò oyin dání, wọ́n fẹ́ tà á fún mi. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sún mọ́ ilé oyin rí. Nígbà mìíràn, dókítà kan ní kí n kọ àwọn ìbéèrè mi sílẹ̀ kí n fi ránṣẹ́. Mo kọ wọ́n kún ojú ìwé méjì. Ó dá èsì padà: "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ṣeé ṣe." Èyí ni mo fẹ́ fi kọ ìròyìn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí rédíò ní Pobẹ̀, sọ fún mi ní ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ pé n kò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè lórí ìdúró. Ó ní, "Jókòó tì í. Ẹni tó bá wà lórí ìdúró ń lọ síbì kan." Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí n kò tíì jókòó lé: ìtì igi, odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, àpò sìmẹ́ńtì, orí àga onídìrí tí wọ́n ń dirí fún mi nítorí pé onídìrí gan-an ni orísun mi. Iṣẹ́ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò gbà ni irọ́. Oníròyìn tí kò ní ọ̀gá, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ní. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti lè sọ pé ó dá ènìyàn tí kò sí, kò tún sí ẹni tí yóò pè é mọ́.

Ìròyìn ọ̀pẹ ló fa gbogbo rẹ̀. Mùsíọ̀ Básílì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn ọ̀pẹ kúkúrú tó ń tètè so, tí gbogbo àgbẹ̀ ń gbìn báyìí. Mo kọ́kọ́ lọ bá ẹnjiníà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Pobẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi títí ó fi yé mi, lẹ́yìn náà ló ní bí mo bá fẹ́ ẹni tó gun àwọn igi náà, kí n wá Ògúntọ́lá Jèrémì lọ, pé àwọn jọ ṣiṣẹ́ ni. Ó júwe abúlé rẹ̀ fún mi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnjiníà náà wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kánádà, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́.

Bàbá náà ga, irun rẹ̀ funfun, abẹ́ ọ̀pẹ tirẹ̀ ni mo bá a. Mo jókòó, a jẹ àgbàdo, ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Igbà ló fi ń gun ọ̀pẹ, bí ẹlẹ́mu. Kí abo òdòdó ọ̀pẹ tó ṣí, yóò ti fi àpò bò ó, kí afẹ́fẹ́ àti kòkòrò má baà gbé ìyẹ̀fun òdòdó akọ mìíràn wá sí i. Bí ó bá tó àsìkò, yóò tún padà gùn ún, yóò fẹ́ ìyẹ̀fun akọ tí wọ́n ti yàn sínú àpò náà. Ó ní, "Alárenà ni mí. Mo mọ ìyàwó, mo mọ ọkọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ló kún inú oko yín yẹn." Ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi. Inú mi dùn bí mo ṣe ń gun alùpùpù mi padà sílé. Mo kọ ọ́, mo fi òun àti ohùn bàbá tí mo gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí Kútọnu.

Ọmọbìnrin kan wà ní ilé iṣẹ́ wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àyẹ̀wò. Ṣàntáàlì ni orúkọ rẹ̀. Kútọnu ni wọ́n bí i sí, Faransé àti Fọ̀n ló ń sọ. Kó tó dìgbà náà, oníròyìn kan ti fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu dókítà kan tí kò sí níbì kankan láyé, ìwé ìròyìn náà sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé pẹ̀lú ìtìjú. Láti ìgbà náà ni Ṣàntáàlì ti ń pe gbogbo orísun wa kí ìwé tó wọ ilé ìtẹ̀wé: ṣé ẹ̀yin ni lágbájá, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ báyìí?

Ó pe nọ́ńbà bàbá ọlọ́pẹ. Bàbá kò sí nílé. Ó wà nínú àwẹ̀ nínú ọgbà ìjọ rẹ̀, ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ó sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ìsinmi. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bísí, ló gbé fóònù, ó sì ṣàlàyé èyí fún un. Ìyá Bísí gbọ́ Fọ̀n dáadáa, ó ti ta epo dé Kútọnu. Ṣàntáàlì béèrè ẹni tó ni fóònù, ó ní ọkọ òun ni. Ó béèrè orúkọ ọkọ rẹ̀, ó ní Bàbá Bísí. Ṣàntáàlì ní orúkọ rẹ̀ gan-an ni òun ń béèrè, ó ní àwọn ìyàwó ilé ń pè é ní Agùntáṣọ́lò. Ṣàntáàlì ní orúkọ tó wà nínú kàátì ìdánimọ̀ rẹ̀ ńkọ́. Ìyá Bísí ronú díẹ̀, ó ní ìjọ ń pè é ní Bàbá Aládùúrà. Lẹ́yìn náà ó ní ó dìgbà, ó pa fóònù. Ṣàntáàlì lọ jẹ́ iṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀ pé obìnrin tí kò mọ orúkọ ọkọ ara rẹ̀ ni fóònù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Mùsíọ̀ Básílì sọ èyí fún mi tán lábẹ́ igi máńgòrò, inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ìyàwó wo ló ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀ fún àlejò? Èmi alára tí mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lekòólù, àbúrò ọkọ mi tí mo wẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, Akọ̀wé ni mo ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ rẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dúró de ìyá ọkọ mi, ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Mùsíọ̀ Básílì.

Ó gbọ́ mi délẹ̀. Ó ní, "Màdámù, àlàyé yìí dára. Ó dára jù." Ó ní oníròyìn tó dá dókítà sílẹ̀ náà ní àlàyé tó dára. Ìwé ń wọ ilé ìtẹ̀wé kí òpin ọ̀sẹ̀ tó dé, òun kò sì lè dúró de ọjọ́ Ìsinmi. Ṣàntáàlì yóò wá lọ́la. Bí ó bá rí ọkùnrin náà, a ó tẹ ìròyìn mi. Bí kò bá rí i, kí n má bínú, òun kò ní lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Kò sọ pé òun yóò sọ fún àwọn olóòtú yòókù, ṣùgbọ́n èmi náà mọ̀ pé wọ́n máa ń jẹun pọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Ṣàntáàlì sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí ní Sakẹ́tẹ́. Ọmọ kékeré pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun bẹ̀ mí, níbi gbogbo tí a bá dé, n kò gbọdọ̀ dárúkọ bàbá náà kí ẹlòmíràn tó dárúkọ rẹ̀. Mo ní ó dáa. Alùpùpù mi ṣì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, nítorí náà a pe zémìjàn méjì, ìyẹn alùpùpù akérò, wọ́n gbé wa lọ sí abúlé náà. Ọkàn mi balẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo rò pé bí ó bá ti rí ilé, tó rí oko, tó rí ìyàwó, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kò parí, ńṣe ló tún bàjẹ́ sí i. Ìyá Bísí fún wa lómi, ó fún wa lága. Ṣàntáàlì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìdúró, mo rọra tẹ̀ ẹ́ léjìká kí ó jókòó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kọjá, èmi ń túmọ̀, pé kí ni orúkọ baálé ilé yìí. Ìyàwó àbúrò bàbá ní Agùntáṣọ́lò ni. Òmíràn tó ń gún ata ní Baálé wa ni. Àwọn ọmọ ní Bàbá ni. Ọkùnrin aládùúgbò kan tó wá yá ọkọ́ ní Bàbá Ọlọ́pẹ ni, nígbà tí Ṣàntáàlì sì tẹnu mọ́ ọn pé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́, ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tó ń wo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ó ní òun kò sí níbi ìkómọ rẹ̀. Mo béèrè kàátì bàbá. Kàátì wà nínú àpótí onírin, kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́rùn bàbá nínú ọgbà ìjọ, níbi tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò rí aláwẹ̀. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ tó wà lára ògiri hàn wá. Ó rẹwà nínú fọ́tò náà, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í sọ orúkọ.

Ṣàntáàlì dìde. Ó ní, "Màdámù, mo rí ilé. Mi ò rí ọkùnrin."

Mo ń ro àwọn ọdún tí mo fi ń gun alùpùpù kiri nínú erùpẹ̀ pupa yìí, mo sì ń ro ohun tí n ó sọ fún ọkọ mi. Ojú ń tì mí fún ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò dá.

Fọ̀n ni Ṣàntáàlì fi sọ̀rọ̀ rẹ̀, Ìyá Bísí sì gbọ́ ọ. Obìnrin náà ti mọ̀ nísinsìnyí pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ lórí fóònù ló fa gbogbo rẹ̀, ó sì ti ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́ tí kò tutù. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní, "Ọmọ mi, má bínú sí mi. Mo ti bímọ fún un, mo ti dàgbà sí i lọ́wọ́, mi ò pe orúkọ yẹn rí. Bí mo bá fẹ́ pè é gan-an, ẹnu mi ò ní gbà á."

Mo ní mo mọ̀, mo ní èmi náà ìyàwó ilé ni mí.

Ó wá ní, "Ẹ lọ sí Takọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀. Ìyá wọn ti lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ tán. Òun nìkan ló kù tó ń pè é lórúkọ."

Kò sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ńlá, ó kàn ń júwe ọ̀nà fún wa ni. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. Mo ti ń kọ orúkọ àwọn ènìyàn sínú ìwé ìròyìn láti ọjọ́ yìí, n kò ronú rí pé orúkọ lè ku ẹnì kan ṣoṣo tí ń pè é.

Iwájú ilé rẹ̀ ni a bá Ìyá Takọn, lórí ẹní, tó ń yọ ẹ̀pà nínú èèpo. Ó ti darúgbó gidi, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Ṣàntáàlì náà jókòó láìjẹ́ pé mo tẹ̀ ẹ́ léjìká. Ìyá gbọ́ Ègùn, èdè tó sún mọ́ Fọ̀n, Ṣàntáàlì sì ń fi Fọ̀n rẹ̀ rọra bá a sọ ọ́, àwọn méjèèjì ń gbọ́ ara wọn. Ó béèrè bóyá ìyá ní àbúrò kan tó ṣiṣẹ́ ọ̀pẹ ní Pobẹ̀. Ìyá ní òun ní. Ó béèrè orúkọ rẹ̀.

Ọwọ́ ìyá dúró nínú ẹ̀pà. "Ògúntọ́lá? Kí ló ṣe Ògúntọ́lá?"

Kí Ṣàntáàlì tó lanu, ìyá ti yí atẹ ẹ̀pà dànù. Àlejò méjì tí òun kò mọ̀ rí, ọ̀kan láti Kútọnu, wọ́n wá láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń béèrè orúkọ àbúrò òun. Kí ni irú rẹ̀ máa ń jẹ́? Ó bú sẹ́kún. Ó ní wọ́n ń fi ikú rẹ̀ pa mọ́ fún òun, ó ní ọ̀pẹ tí òun ti ń sọ fún un pé kó má gùn mọ́ ló jù ú sílẹ̀. Àwọn ará ilé sáré jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ní kò kú, ìyá, kò kú, inú àdúrà ló wà ní ọgbà ìjọ. Ìyá ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ fún òun nígbà tí ọkọ òun kú, pé ó ń sinmi.

Ṣàntáàlì dì mí lápá mú. Ojú rẹ̀ ti yí padà, ó dà bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ó ní ó ti tó, òun ti gbọ́ orúkọ náà, òun gbà mí gbọ́, kí a bẹ ìyá kí a sì máa lọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá pé ọmọ yìí ní ó ti tó.

Ìyá nu ojú rẹ̀, ó ní, "Kò tó. Ẹ gbé mi lọ bá a."

Kò sí ẹni tó lè gbé e sórí zémìjàn ní ọjọ́ orí rẹ̀. A dá takisí kan dúró lójú ọ̀nà, a gbé e sí iwájú, èmi àti Ṣàntáàlì há sẹ́yìn láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì. Títí a fi dé, ìyá kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù wá ń ba èmi náà lọ́nà tí kò bá ọgbọ́n mu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bí nǹkan bá ti ṣe bàbá náà nínú àwẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́?

Ní ẹnu ọgbà ìjọ, ọkùnrin aláṣọ funfun kan jáde sí wa, ó ní kí a bọ́ bàtà. A bọ́ ọ. Ó gbọ́ ẹni tí a wá rí, ó mi orí, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún ìyá pé kò sí ẹni tó lè bá bàbá sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ìsinmi.

Ìyá ní, "Mi ò wá bá a sọ̀rọ̀. Mo wá pè é ni."

Ìyá fi ọwọ́ kan di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó fi èkejì di apá mi mú, ó gbé ohùn sókè ju bí mo ṣe rò pé ara rẹ̀ lè gbé e lọ.

"Ògúntọ́lá! Àkànní ọmọ ìyá mi! Ògúntọ́lá o!"

Adìẹ kan ń tan ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Mo ń fi ọkàn mi bẹ Ọlọ́run tó ni ọgbà náà pé kó jọ̀wọ́. Ìyá tún mí, ó tún pè é.

Láti inú yàrá kékeré kan lẹ́yìn, ohùn kan dáhùn. "Hẹ́n-ẹn! Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń bọ̀ o."

Ó jáde sí wa nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, ó ga bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ ń mì lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá arúgbó yìí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí iyanrìn. Ìyá tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó pa á lórí, bí ẹni tó ń wá ibi tó fọ́.

"O ò kú."

"Mi ò kú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa. Padà sídìí àdúrà rẹ."

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Ẹkún náà dùn mọ́ mi, ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn ọjà. Ṣàntáàlì ti mọ ohùn náà, ó ti gbọ́ ọ nínú ohun tí mo gbà sílẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ. Ó lọ dúró lábẹ́ igi, ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó ní, "Ó wà." Kò fi ohunkóhun kún un. Lẹ́yìn náà ló fún mi ní fóònù. Mùsíọ̀ Básílì kò béèrè ọkọ mi, kò béèrè ọmọ. Ó jágbe mọ́ mi pé ṣé n kò mọ̀ pé ìwé ti fẹ́ wọ ilé ìtẹ̀wé ni, fọ́tò bàbá dà? Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé inú rẹ̀ ti yọ́ sí mi.

Ṣàntáàlì sùn ní ilé mi lọ́jọ́ náà, ó sì jẹ gàrí mi. Látìgbà náà, bí ó bá pe ilé orísun kan tí ìyàwó bá gbé fóònù, kì í béèrè orúkọ ọkọ mọ́. Ó máa ń ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ń pè é lórúkọ nílé yìí? Ẹ bá mi pè é wá." Èmi náà ti sọ ọ́ di ìbéèrè mi. Bí mo bá jókòó ti ẹnì kan, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè nìyẹn. Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní gbogbo ayé ni. Àwọn àgbà á dárúkọ ìyá wọn tàbí ẹ̀gbọ́n kan tó ti lọ, lẹ́yìn ìyẹn kò sí ohun tí wọn kì í sọ fún mi. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi rò pé ọgbọ́n orí ni. Ìyá Takọn ló kọ́ mi.

Ìyá Takọn ti sùn báyìí. Ó dàgbà, ó darúgbó, wọ́n sì sin ín tayọ̀tayọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gun alùpùpù mi lọ kí bàbá. Abẹ́ ọ̀pẹ rẹ̀ ni mo tún ti bá a. Ó wọlé lọ, ó ṣí àpótí onírin rẹ̀, ó mú ìwé ìròyìn náà jáde, ó ti fi ọ̀rá wé e. Ó ní kí n kà á fún òun.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mo ń túmọ̀ Faransé rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Ó gbọ́wọ́ sókè.

"Rárá. Ibi orúkọ yẹn nìkan."

Mo wò ó. Ọmọ ni mo jẹ́ sí i, n kò lè pè é lórúkọ láéláé. Ṣùgbọ́n kíkà kì í ṣe pípè, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìka sí ibẹ̀, mo kà á jáde ketekete: "Ògúntọ́lá Jèrémì."

Bàbá pa ojú dé. Ó ní, "Hẹ́n-ẹn."

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, ó sì tún dáhùn.